Ọwọ́ Tó Ń Ṣí Ọjà Ọ̀lẹ̀lẹ̀

Òórùn ewé eéran tó ti jinná nínú ìkòkò, tí epo pupa sì ti rin ín gbingbin, kò sí ibi tí mo ti lè gbọ́ ọ lónìí tí ọkàn mi kò ní ṣí lọ sí Ìdànrè. Ẹnu géètì kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ló ti máa ń pàdé wa láàárọ̀, ní Odòde, nígbà tí ìkùukùu bá ṣì wà lórí àpáta, tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ àwọn òkè ńlá yẹn nìkan la máa ń rí, bí ẹni tó da aṣọ borí tó na ẹsẹ̀ síta. Ìgbà kòkó ni mo kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Wọ́n sá kòkó síwájú gbogbo ilé, òórùn kíkan rẹ̀ ń bá èéfín igi jà nímú ẹni, mo sì rántí pé mo bi ara mi pé irú ìlú wo rèé. Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé n kì í kọ oúnjẹ, o kò ní gbà mí gbọ́ tí mo bá ní ìgbà kan wà tí oúnjẹ ń kọ̀ mí. Ìgbà yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré ni tiwa, ti àwọn obìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ tíṣà. Àwọn ọdún yẹn ni ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gba gbogbo ilẹ̀ wa kan, wọ́n ń wá tíṣà lójú méjèèjì. A máa ń jí kí ojúmọ́ tó mọ́ tán, a ó gbálẹ̀, a ó pọnmi, lẹ́yìn náà wọn á ṣí géètì fún wa ká lè ra oúnjẹ àárọ̀ kí agogo àdúrà tó dún. Ìta géètì yẹn, ọjà kékeré kan ni. Ìyá ẹlẹ́kọ wà níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Télọ̀ kan wà tó ń ran yúnífọ́ọ̀mù wa, tó máa ń fi ẹnu mú píìnì tó sì tún máa ń fi ẹnu náà kọrin. Obìnrin oníwósìwósì wà tó ń ta ọṣẹ, abẹ́rẹ́, pẹ́ńsù àti rìbọ́ọ̀nù. Ìyá ọlọ́lẹ̀lẹ̀ sì wà lábẹ́ igi máńgòrò.

Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni ìyá ọlọ́lẹ̀lẹ̀ yìí, ó ti ń dàgbà lọ. Orí òkè ni wọ́n bí i sí, ní Òkè Ìdànrè, kí ìlú tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Ìjọ Aládùúrà ló ń lọ, kò sì sí ohun tí kì í gbàdúrà sí: iná, omi, ẹ̀wà tó rẹ sínú igbá. Bàsíà funfun ńlá kan tí etí rẹ̀ ti họ ló fi máa ń ru ọjà wá, á fi aṣọ aláwọ̀ aró bò ó kí ooru má baà jáde. Èdè rẹ̀ kò kọ́kọ́ yé mi dáadáa. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí, níbi tí ilé ti ń jẹ́ ilé, tí mo wá bá ara mi níbi tí àwọn àgbà ti ń pè é ní ulé, tí wọ́n ń pe ọmọ ní ọma. Mo máa ń rẹ́rìn-ín sínú. Ọmọdé ló ń ṣe mí, mo rò pé ibi tí wọ́n ti bí mi ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀.

Ìyá mi ló ní kí n lọ kàwé. Bàbá mi kò fẹ́ ẹ. Ó ní obìnrin tó bá ti lè ka Bíbélì, tó lè kọ orúkọ ara rẹ̀, kí ló tún kù? Ìyá mi, tó jẹ́ pé òwú ló ń ran fún àwọn ahunṣọ, tí kò mọ ìwé rárá, òun ló fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé àfi kí n lọ. Lọ́jọ́ tí mo ń lọ, ó tẹ̀ lé mi dé ìdí ọkọ̀. Kò gbàdúrà gígùn, kò sunkún. Ó ní, “Má wẹ̀yìn o.” Èmi náà kò sì wẹ̀yìn, nítorí mo mọ̀ pé tí mo bá wẹ̀yìn, n óò bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀.

Táàmù kìíní kò tíì parí tí àbúrò bàbá mi fi yọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Mo rí i tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ọ́fíìsì ọ̀gá wa, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Míìsì. Ó ṣí fìlà, ó gbé e lé orúnkún. Fìlà yẹn ló sọ fún mi kí ẹnu rẹ̀ tó sọ ọ́. Ìyá mi ti kú, wọ́n sì ti sin ín. Àìsàn ọjọ́ díẹ̀ ni, ọ̀nà jìn, wọn kò rí ẹni rán sí mi lásìkò. Ó ní kí n mọ́kàn le, kí n máa ka ìwé mi. Ó fún mi ní ẹ̀pà tó rà lọ́nà, ó wọkọ̀, ó lọ.

N kò sunkún. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu títí di òní nìyẹn. Àwọn ẹgbẹ́ mi yí mi ká, wọ́n ń sunkún, èmi ń wò wọ́n bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni. Wọ́n fún mi ní bisikíìtì, wọ́n fún mi ní súgà, ẹnì kan fún mi ní gèlè rẹ̀ tó dára jù. Mo ń dúpẹ́, mo ń tò wọ́n sórí ibùsùn. Ṣùgbọ́n oúnjẹ kò gba ọ̀nà ọ̀fun mi mọ́, ìwé tí mo bá sì ṣí, ńṣe ni lẹ́tà inú rẹ̀ ń sá fún mi. Àwọn òkè Ìdànrè, tí ẹ̀rù ẹwà wọn ti ń bà mí tẹ́lẹ̀, wá dà bí ògiri tí wọ́n mọ yí mi ká.

Mo wá pinnu pé mò ń lọ sílé. Kì í ṣe pé ẹnì kan ń dúró dè mí níbẹ̀ o. Bàbá mi ní ìyàwó mìíràn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sì wà tó ti ń wò mí fún ọmọ rẹ̀ ọjọ́ ti pẹ́. Mo mọ̀ dájú pé tí mo bá fi lè gbé àpótí mi wọ ilé yẹn, ìwé tán nìyẹn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kò ní gbà mí padà, nítorí àwọn tó ń wá àyè níbẹ̀ kò lóǹkà. Gbogbo ohun tí ìyá mi fẹnu jà fún á sì bá a wọ sàréè. Kò sí èyí tí n kò mọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ìbànújẹ́ ń bi léèrè ohun tó mọ̀? Mo fẹ́ rí ibi tí wọ́n sin ín sí, kí n jókòó síbẹ̀, kó tán.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí àwọn yòókù ń pọnmi, mo gbé àpótí páànù mi lérí, mo gba ẹ̀yìn ilé ìdáná jáde, mo lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì níbi tí bọ́lẹ́kájà tó ń lọ Àkúrẹ́ ti máa ń gbé èrò. Òjò ń sẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Kò sí ẹnikẹ́ni níta àfi ìyá ọlọ́lẹ̀lẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ bàsíà rẹ̀ kalẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Ó wo àpótí, ó wo ojú mi. Wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá mi ní géètì. Kí ni wọn kì í gbọ́ níbẹ̀? Ṣùgbọ́n kò kí mi kú ará fẹ́ra kù, kò sì bi mí níbi tí mò ń lọ. Ó kàn pè mí.

“Ọma mi, jọ̀ọ́, wá bá mi ṣí ọjà.”

“Ìyá, ọkọ̀ ni mò ń dúró dè.”

“Ọkọ̀ ò tíì dé. Ẹyọ kan péré ni mo ní kó o rà. Láti ìjẹta ni ọjà ò ti yá. Ẹni tó ṣí i fún mi, ọwọ́ ẹ̀ wúwo bí odó.”

Ìwọ náà mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí láàárín àwọn ọlọ́jà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rà láàárọ̀, òun ló ṣí ọjà. Kò gbọdọ̀ rà á láwìn, kò gbọdọ̀ ná an títí kó wá fi í sílẹ̀, nítorí bí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣe rí ni ọjà ọjọ́ náà á ṣe rí. Ọwọ́ àwọn kan yá, ọwọ́ àwọn kan wúwo. Mo mọ ọlọ́jà tó jẹ́ pé tó bá rí ẹni ọlọ́wọ́ wúwo tó ń bọ̀ lókèèrè, á yára da aṣọ bo igbá, á ní ọjà ò tíì délẹ̀. Nílé wa, wọ́n kọ́ mi pé bí ọlọ́jà bá bẹ̀ ọ́ pé kí o ṣí ọjà fún òun, tí o sì ní nǹkan lọ́wọ́, ìkà nìkan ló ń kọ̀ ọ́. Ni mo bá sọ àpótí kalẹ̀. Mo ra ẹyọ kan, mo ní, “Ajé á wọgbá o.”

Ó di ọwọ́ mi mú, ó gbàdúrà lé e lórí, àdúrà gígùn tí àwọn Aládùúrà máa ń gbà, tí èèyàn á ti ṣe àmín títí tí àmín á fi rẹ̀ ẹ́. Ó wá ní kí n jókòó jẹ ẹ́ síbẹ̀, pé ọ̀lẹ̀lẹ̀ tí wọ́n bá fi ṣí ọjà, wọn kì í gbé e rìn. N kò gbọ́ irú òfin bẹ́ẹ̀ rí kí n tó dé Ìdànrè, n kò sì gbọ́ ọ mọ́ láti ìgbà náà. Ojú ẹsẹ̀ ló hùmọ̀ rẹ̀. Mo tú ewé. Mo fẹ́ kàn tọ́ ọ wò nítorí àgbà ni, ṣùgbọ́n ó gbóná, edé wà nínú rẹ̀, ata rẹ̀ sì ta mí lẹ́nu dáadáa. Kí n tó mọ̀, mo ti jẹ ẹ́ tán. Ohun àkọ́kọ́ tí mo jẹ tán láti ọjọ́ tí àbúrò bàbá mi ti wá nìyẹn.

Mo ṣì ń nu ọwọ́ nígbà tí wọ́n ṣí géètì, tí àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tú jáde. N kò mọ ohun tó ṣe wọ́n lọ́jọ́ náà. Bóyá òtútù ni o, bóyá ẹ̀wà alẹ́ àná tí kò jinná ni, gbogbo wọn ya bo ìyá ọlọ́lẹ̀lẹ̀. Láàárín ariwo yẹn ni ọkọ̀ Àkúrẹ́ dé, ó fun fèrè, ó lọ. Àwọn tó ń ra ọ̀lẹ̀lẹ̀ ti dúró yí àpótí mi ká, n kò rí ọ̀nà gbé e. Kí agogo tó dún, bàsíà ńlá yẹn ti ṣófo pátápátá. Ìyá náà dì mọ́ mi. “Háà! Ọwọ́ yìí! Ẹ wo ọwọ́ yìí!” Ó ní kí n ṣàánú òun, kí n tún wá ṣí i fún òun lọ́la. Mo ní ọ̀la nìkan o. Ó ní, “Ọ̀la nìkan.”

Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Ìjẹ̀bú tí ibùsùn wa kángun síra, ló bá mi gbé àpótí gba ẹ̀yìn wọlé kí Míìsì tó rí wa. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó kàn ní, “Ó dáa tó o padà. Ọṣẹ wa lo kó lọ.”

Ọ̀la di ọ̀tunla, ọ̀tunla di ọjọ́ ọjà. Ìgbàkígbà tí mo bá ti ní mò ń lọ, ìyá náà á ti ní ìdí kan: ọmọ òun ń bọ̀ láti Atosin, ìpàdé àdúrà ń bọ̀, ẹ̀wà ti gbówó lórí, kí n jọ̀ọ́ ṣí i fún òun di Sátidé. Ta ló máa sọ fún àgbàlagbà pé rárá, kí ọjà rẹ̀ bàjẹ́? Ọjà rẹ̀ sì ń tán lóòótọ́! Agogo kì í bá ẹyọ kan nílẹ̀. Àwọn tó bá pẹ́ jáde á máa ráhùn pé kí ló dé tí kì í sè é pọ̀. Á ní, “Ẹ máa tètè jí.”

Òkìkí wá kàn. Ìyá ẹlẹ́kọ ló kọ́kọ́ bínú. “Ìwọ ọmọ Ìsẹ́yìn, ṣé ọlọ́lẹ̀lẹ̀ nìkan ló ń tajà ńbí ni? Ẹ̀kọ tèmi, ṣé ó ń ta ọ́ lọ́wọ́ ni?” Ni mo bá ń ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ òun náà. Obìnrin oníwósìwósì ní kí n máa fi abẹ́rẹ́ ṣí tòun, débi pé abẹ́rẹ́ tó wà nínú àpótí mi nígbà tó yá, télọ̀ fúnra rẹ̀ kò ní tó bẹ́ẹ̀. Télọ̀ kò jẹ́ kí n ra nǹkan kan. Kí n ṣáà fọwọ́ kan aṣọ kí òun tó fi sísọ́ọ̀sì sí i. Ọ̀rẹ́ mi ọmọ Ìjẹ̀bú sọ ara rẹ̀ di alága mi. Á dúró síwájú mi láàárọ̀, á ní, “Ẹ ṣe é ní sùúrù, ẹ ṣe é ní sùúrù, ọwọ́ méjì péré ló ní.” Gbogbo géètì á rẹ́rìn-ín. Orúkọ tí wọ́n wá fún mi ni Ọlọ́wọ́ Ajé.

Má rẹ́rìn-ín mi o, mo gbà á gbọ́. Mo máa ń wo ọwọ́ mi nínú kíláàsì, tí wọ́n bá ń kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń kọ nǹkan sójú pátákó, mo máa ń rò ó pé ṣé ọwọ́ yìí náà nìyẹn. Mo ti rò pé pẹ̀lú ikú ìyá mi, kò sí ẹni tí n óò wúlò fún mọ́ láyé. Ó wá kù díẹ̀ kí ilẹ̀ mọ́ báyìí, ara mi á ti yá, nítorí ẹnì kan wà lábẹ́ igi máńgòrò tí kò lè ṣí aṣọ bàsíà rẹ̀ àfi tí mo bá dé. Mo ń jẹun, nítorí ẹni tó ṣí ọjà gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ síbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni lẹ́tà inú ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í dúró jẹ́ẹ́. N kò mọ ọjọ́ tí mo kó aṣọ mi jáde nínú àpótí padà sí ibi tí mo máa ń tò ó sí.

Míìsì ló kù. Ọmọ àlùfáà ni Míìsì, ará Abẹ́òkúta, obìnrin gígùn tó jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ ìdí rẹ̀ la máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ká tó rí òun fúnra rẹ̀. Ẹnì kan lọ sọ fún un pé ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan wà tó ní òògùn ajé lọ́wọ́, tí obìnrin Aládùúrà kan sì ń gbàdúrà sí ọwọ́ náà láràárọ̀ lẹ́nu géètì. Ó ránṣẹ́ pè mí. Ó bi mí ṣé òótọ́ ni pé ọwọ́ mi ń mú ọjà tà. Ọlọ́run mi! Ká ní mo mọ irọ́ pa ni. Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà.” Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ọmọ ọlọ́mọ lé lọ́wọ́ kó máa kọ́, òun ló ń fi ara rẹ̀ ṣe òrìṣà lẹ́nu géètì? Ó ní kí n lọ di ẹrù mi; tó bá di ọjọ́ Ẹtì, òun á fi mí ránṣẹ́ sí bàbá mi.

Ilé tí mo fẹ́ sá lọ lọ́jọ́sí, òun ni wọ́n wá ń fi tipátipá fún mi yìí. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé n kò fẹ́ lọ mọ́. Mo fẹ́ di tíṣà. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ Míìsì, ó kọjú sí ìwé orí tábìlì rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ọmọ Ìjẹ̀bú, tó ti dúró sétí fèrèsé tó ń gbọ́ wa, ti fi eré gé e lọ sí géètì.

Ìyá ọlọ́lẹ̀lẹ̀ kò wọ inú ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì wa rí. Lọ́jọ́ yẹn ó wọ̀ ọ́, ẹsẹ̀ lásán, epo ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Míìsì dìde fún un, ó fún un ní àga. Kò jókòó.

“Míìsì, ẹ dákun, ẹ má lé ọmọ yìí lọ. Kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ̀.”

“Ẹ̀yin kọ́ lẹ ń sọ kiri pé òun ló ń jẹ́ kí ọjà yín tán?”

“Èmi ni mò ń jẹ́ kó tán.” Ilẹ̀ ló ń wò. “Mo ti dín in kù. Láti ọjọ́ kejì tó ti ṣí i fún mi, ìdajì ni mò ń sè. Bàsíà kékeré ni mo fi ń rù ú wá, mo ń fi aṣọ kan náà bò ó. Ńlá yẹn wà ní ulé, adìẹ mi ló ń sàba nínú ẹ̀. Ẹ rán èèyàn kó lọ wò ó.”

Míìsì kò rán ẹnikẹ́ni. Ó ní, “Ìyá, kí ló dé tí ẹ fi ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀?”

“Ó gbé àpótí, ó ń lọ. Ìyá ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Tí mo bá ní kó má lọ, ta ni mo jẹ́ sí i tó máa fi gbọ́? Ṣùgbọ́n mo rí i pé ọmọ tí wọ́n kọ́ ni. Ọmọ tí wọ́n kọ́, tó o bá bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, kò ní lè kọ̀. Mo ní kí n máa bẹ̀ ẹ́ lọ bẹ́ẹ̀ títí á fi gbàgbé ọkọ̀.”

Ọ̀rẹ́ mi, inú ló kọ́kọ́ bí mi. Gbogbo abẹ́rẹ́ yẹn! Gbogbo bí mo ṣe ń gbé ọwọ́ rìn bí ẹni pé ẹyin ni mo gbé! Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ “ìdajì” yẹn wá wọlé sí mi lára. Mo rántí pé mo ti rí obìnrin yìí lọ́pọ̀ ọ̀sán níwájú ilé kan lójú ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, tó bẹ̀rẹ̀ nínú oòrùn tó ń yí kòkó lórí ẹní. Mo ti rò pé kòkó tirẹ̀ ni. Kò ní kòkó. Iṣẹ́ àgbàṣe ló ń ṣe, kó lè fi dí ohun tí ọ̀lẹ̀lẹ̀ kò mú wọlé mọ́ nítorí mi. Ni mo bá béèrè ohun tí ọmọdé máa ń béèrè.

“Ti ọjọ́ kìíní ńkọ́, Ìyá? Bàsíà ńlá ni lọ́jọ́ yẹn.”

Ó wò mí, ìgbà àkọ́kọ́ tó wò mí láti ìgbà tó ti wọlé nìyẹn. “Ti ọjọ́ yẹn, Ọlọ́run ló tà á. Èmi náà ò mọ bó ṣe ṣe é.”

Ibẹ̀ ni ẹkún ti gbé mi. Ẹkún tí n kò sun lọ́jọ́ tí wọ́n túfọ̀ fún mi, gbogbo rẹ̀ tú jáde lórí ilẹ̀ ọ́fíìsì Míìsì. Mo ń pe ìyá mi ní orúkọ tí mo ń pè é nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́, mo ń bi í pé kí ló dé tí kò dúró dè mí. Ìyá ọlọ́lẹ̀lẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé orí mi lé itan, kò ní kí n dákẹ́. Míìsì jáde, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé. A ń gbọ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ níta tó ń lọ tó ń bọ̀, tó ń lé àwọn tó wá yọjú. Nígbà tó padà wọlé, ojú òun náà pọ́n. Ó ní àdúrà kò burú, ṣùgbọ́n kí wọ́n má gbà á lẹ́nu géètì mọ́. Ó ní kí n lọ bọ́jú, pé kíláàsì ń lọ lọ́wọ́. Kò sì dárúkọ ọjọ́ Ẹtì mọ́ títí mo fi jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo géètì ti gbọ́. Ìyá ẹlẹ́kọ ní òun ti mọ̀ tipẹ́. Irọ́ ni, kò mọ̀. Télọ̀ nìkan ni kò gbà. Ó ní ti ọlọ́lẹ̀lẹ̀ lè jẹ́ ẹ̀tàn, ṣùgbọ́n aṣọ tí mo fọwọ́ kàn fún òun kò sí èyí tó bàjẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jáde gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, mo lọ bá ìyá ọlọ́lẹ̀lẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Bàsíà ńlá ló wà níwájú rẹ̀, ó kún dé ẹnu. Mo na owó sí i. Ó fi ọwọ́ lé aṣọ orí bàsíà.

“Ṣé o ṣì ń lọ sí ulé?”

“Rárá, Ìyá. Mi ò lọ mọ́.”

“Ó dá ẹ lójú?”

“Ó dá mi lójú.”

“Ó dáa. Bọ́ sẹ́yìn, kí ẹlòmíràn ṣí i. Mo fẹ́ tajà lónìí.”

Ẹ̀rín pa gbogbo wa. Èmi gan-an ni mo rín in jù, mo di ìdí igi máńgòrò mú kí n má baà ṣubú.

Mo jáde, mo ṣe tíṣà, mo ṣe é títí mo fi di ọ̀gá ilé ìwé. Mo máa ń lọ kí ìyá náà lọ́dọọdún, mo sì bá wọn kó erùpẹ̀ sí sàréè rẹ̀ nígbà tó tó àkókò, nítorí wọ́n ránṣẹ́ sí mi lásìkò. Mo ti rò ó lọ rò ó bọ̀. Àwọn tó tù mí nínú nígbà ikú ìyá mi pọ̀, wọ́n sì ṣe é tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ń fún mi ní nǹkan, èmi kò sì rí ibi tí mo lè gbà á sí. Ìyá ọlọ́lẹ̀lẹ̀ nìkan ló tọrọ nǹkan lọ́wọ́ mi. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ máa ń rò pé òun ti di ẹrù fún gbogbo ayé. Tí wọ́n bá wá bẹ̀ ẹ́ pé kó bá wọn gbé ẹrù, á yà á lẹ́nu pé apá òun ṣì ká a.

Lọ́dún kan tí mo ti di ọ̀gá ilé ìwé, ọmọbìnrin kan wọ ọ́fíìsì mi. Bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ó ní òun wá dágbére. N kò ní kó má lọ. Mo bọ́ gíláàsì ojú mi, mo ní ó ti bàjẹ́, pé n kò rí Bíbélì kà mọ́ níwájú àwọn ọmọ láàárọ̀, kó jọ̀ọ́ máa bá mi kà á títí n óò fi rí òmíràn rà. Ó ní, “Títí di ìgbà wo, mà?” Mo ní, “Ọ̀sẹ̀ yìí nìkan.” Ọmọ náà ń ka Bíbélì fún wa títí ó fi jáde ìwé. Inú dúrọ́ọ̀ mi ni gíláàsì yẹn wà ní gbogbo ìgbà náà. Kò sí ohun tó ṣe é.